Iye Igún Tó Kù ní Odò Ẹran Ìkirè

Ṣàkì ni mo wá rà ní odò ẹran Ìkirè lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, n kò wá wo ẹyẹ. Mo dúró ti pátákó alápatà, mo ń retí kí ó gé tèmi fún mi, ni igún méjì bá bà sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mi lọ. Ojú ọ̀kan nínú wọn ṣì funfun bí èlùbọ́ gbágùúdá. Èkejì fò mọ́ ọn láti já ìfun gbà lẹ́nu rẹ̀, ojú funfun yẹn sì yí padà níṣojú mi. Ó kọ́kọ́ dà bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun, lẹ́yìn náà ó pupa fòò bí ata rodo. Ibi tí oòrùn ti ń ràn kò yí, ẹyẹ náà kò kúrò lójú kan. Inú ló ń bí i, ìbínú sì gun ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń gun ojú ènìyàn pupa. Nígbà tí èkejì fi í sílẹ̀, àwọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú fi tún funfun.

Ẹnu yà mí débi pé n kò gbọ́ ohun tí alápatà ń sọ.

"Tíṣà, ṣàkì yín rèé o! Àbí igún lẹ fẹ́ kí n gé fún yín?"

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni igún ti wà lórí òrùlé wa bí páànù ṣe wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Àpòmù. Mo ti ya ọ̀gà tó ń pa àwọ̀ dà sójú pátákó ìkọ̀wé, n kò ka iye ìgbà mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ẹyẹ tó ń jẹ ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé wa náà ń pa ojú dà.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ igún ti gbà mí lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa wọn lórí fóònù lálaalẹ́. Mo ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tòkunbọ̀ ni, dígí kan lára rẹ̀ ti ya díẹ̀. Mo ya ìwé kan sọ́tọ̀. Láràárọ̀ Sátidé, láti aago méje kù ogún ìṣẹ́jú títí di aago mẹ́jọ, mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ ìfun, mo ń ka igún. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe funfun láti ilẹ̀: ìgbẹ́ olómi ni wọ́n ń yà sí ara ẹsẹ̀ ara wọn kí ó lè tù wọ́n nígbà ooru. Mo mọ̀ pé àgbà wọn ní ìhùùhù aláwọ̀ wàrà lẹ́yìn orí, ṣùgbọ́n ti ọmọ wọn dúdú kirikiri. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń yé lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Adìẹ yé mẹ́wàá, ó tún ń ké pé òun kò tíì yé. Igún yé ẹyọ kan, òun àti ọkọ rẹ̀ á sì fi oṣù bí i márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó tì í.

Orí fóònù náà ni mo ti kà á pé igún wa yìí wà lára àwọn ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ kárí ayé ń pariwo pé ó kù díẹ̀ kí ó pa run. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Igún kẹ̀? Bí ẹni pé wọ́n ní eṣinṣin fẹ́ tán ni.

Sátidé àkọ́kọ́, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kà. Bàbá kan wà níbẹ̀, àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn alápatà, onífìlà funfun tí ẹ̀jẹ̀ kì í ta sí lára láé, n kò mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Bàbá yìí dúró lẹ́yìn mi, wọ́n na ọrùn wo ìwé mi.

"Ọmọ Ìyá Oní-dòdò, kí lo ń kà?"

"Igún ni, Bàbá."

"Ó mà ṣe o. Ẹni tó ní ọkọ nílé, igún ló ń kà lówùúrọ̀."

"Ọkọ mi kò ju ẹyọ kan lọ, Bàbá. Mo ti kà á tán kí n tó jáde."

Àwọn alápatà rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì yẹn di tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó sí i ní Sátidé, wọn á ní kí ó dìde, pé akọ̀wé igún ń bọ̀.

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí iye wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlógún. Mo rò pé ojú ló ń tàn mí. Mo pààrọ̀ ibi tí mo ń jókòó, mo ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Méjìlá. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń fún mi ní èsì kan náà: "Igún kì í kú léwe." Àdúrà ni a ń fi gbólóhùn yẹn gbà fún ọmọ tuntun ní ilẹ̀ wa, a sì ti gbà á débi pé kò sí ẹni tó lè rò pé igún lè kú rárá. Wọ́n ní wọ́n lọ sinmi ni. Wọ́n ní wọ́n gba Gbọ̀ngán lọ, òjò á dá wọn padà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú ọkàn mi le. Lẹ́yìn pápá ìṣeré kan lójú ọ̀nà Àpòmù, igi àràbà kan wà, mo sì rí ìtẹ́ lórí rẹ̀, ní ibi tí ẹ̀ka kẹta ti yà lápá ìwọ̀ oòrùn. Takọtabo kan ló ni ín. Akọ ni mo pe ọ̀kan nínú wọn, kò dá mi lójú. Èyí tí mo mọ̀ dájú ni pé ìka àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti gé. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú dáadáa, mo rí orí kékeré kan tó yọ nínú ìtẹ́ náà. Orí dúdú. Mo sáré lọ sílé bí ọmọdé, mo lọ sọ fún Màámi.

Dòdò Ìkirè ni Màámi ń dín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá rí mọ̀ ọ́n: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá, tó rọ̀ bẹ̀tẹ̀, tí a gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí a dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ọmọ igún fún wọn, wọ́n gbé ṣíbí epo dúró.

"Ẹyọ kan péré?"

"Ẹyọ kan ni, Màámi. Bí èyí bá kú, ó di ọdún mìíràn. Àwọn àgbà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

Wọ́n mi orí. "Ebi ni o," ni wọ́n wí. "Ohun tó ń lé ẹran kúrò nílé, ebi ni." Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó wọ yàrá.

Ní Sátidé tí mo ka méje, mo pinnu láti wá ẹni tó ń pa wọ́n. Mo ti mọ ibi tí mo máa lọ: ìsọ̀ àwọn lékùlẹ́jà ní ọjà Àpòmù, àwọn tó ń ta egbò, èèpo igi àti ẹran gbígbẹ fún àgúnmu. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bú wọn láti inú ọkọ̀ kọ̀rọ́pẹ̀. Mo sì rí i lóòótọ́. Orí igún méjì wà lórí àtẹ ìyá àgbàlagbà kan, láàárín orí ọ̀bọ àti ìkarahun ìgbín, gbígbẹ, ojú wọn kò funfun kò pupa mọ́. Mo kí wọn tán, mo bi wọ́n léèrè pé ta ló ń pa igún fún wọn.

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Pa kẹ̀? Ọmọ mi, ọmọ Yorùbá ni ọ́ àbí? A kì í pa igún! Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa igún, kí ó wá ní òun fẹ́ pẹ́ láyé?"

"Ta wá ló pa méjì yìí, Màmá?"

"Òkú ni wọ́n bá. Níbo lo ti wá?"

Mo ní Ìkirè ni.

"Họ́wù! Ìlú yín náà ni wọ́n ti ṣà wọ́n wá. Ààtàn ẹ̀yìn odò ẹran. Ẹni tó gbé wọn wá ní òun ṣà wọ́n bí ẹni ṣa àgbálùmọ̀." Wọ́n rọra tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ojú mi. "Èmi gan-an ti fẹ́ wá ẹni bi. Kí lẹ ń fún wọn jẹ lọ́hùn-ún?"

Mo kó gbogbo èébú mi padà wọ ọkọ̀. Ààtàn ẹ̀yìn odò ẹran kò jìnnà sí bẹ́ǹṣì mi. Mo ti ń jókòó níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, n kò sì yọjú sí ẹ̀yìn ògiri yẹn rí nítorí òórùn. Akọ̀wé igún!

Ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n tó lọ síléèwé, mo lọ síbẹ̀. Òkú igún kan wà nílẹ̀ láàárín ọ̀rá àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹ́ apá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, èékánná rẹ̀ dì mọ́ra. Mo fi igi yí i padà. Ìka àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti gé.

N kò sunkún. Ẹ̀rù ọmọ tó wà lórí àràbà ni kò jẹ́ kí n sunkún. Àpò ọ̀fun rẹ̀ wú, ìrù eku sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Eku mẹ́ta mìíràn wà nílẹ̀ níbẹ̀, tútù, kò sí ojú ọgbẹ́ lára wọn, itọ́ dúdú ló gbẹ sí wọn lẹ́nu. Mo mọ̀ ọ́n. Oògùn eku oníhóró dúdú ni, èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré. Eku jẹ oògùn, igún jẹ eku.

Mo ké sí bàbá onífìlà funfun. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Súbúhánálláà."

"Bàbá, ta ló ń da eku síbí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó rò pé mo ń ṣàwàdà. "Ìwọ lò ń bi mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni?"

"Ìyá rẹ mà ni. Wàláì, gbogbo wa la rò pé wọ́n á ti sọ fún ọ. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, bí wọ́n bá ti ń lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé ike wọn dání, wọ́n á dà á síbí. Igún mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọn kì í wá ní Sátidé, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí o rí àwọn."

N kò rántí bí mo ṣe délé. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń kó òkú eku lọ sí odò ẹran?"

Ojú wọn tàn. "Ta ló sọ fún ọ? Mo ti ní kí wọ́n má sọ!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "O ní wọ́n ń dín kù. Mo ní ebi ni. Kàkà kí n ju eku sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí n gbé e fún àwọn ọmọ rẹ. Bí mo bá ti yọ báyìí, wọ́n á ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa fò tọ̀ọ́tọ̀ọ́ bọ̀ wá bá mi. Wọn ò bẹ̀rù mi mọ́."

"Kí ló ń pa eku náà?"

"Oògùn ni. Kí ni ì bá tún..."

Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ kejì. Mo rí i bí ó ṣe ń yé wọn, ó sì pẹ́ kí ó tó yé wọn tán. N kò rí ojú Màámi bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi.

"Ọwọ́ mi ni wọ́n ti jẹ ẹ́?"

Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn nìkan. Òótọ́ sì ni: iye igún ti ń já kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ike. Ilé tó bá ti ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ní ẹkúté, kò sì sí ilé oní-dòdò tí kò ní ọ̀rá oògùn yẹn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àṣà wa ni pé a kì í sin òkú eku. À ń jù ú síta, a ó ní igún á gbé e. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ kò wọ etí wọn. "Wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n bá rí mi," ni wọ́n ṣáà ń wí.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sí ìpàdé àwọn oní-dòdò. Mo ti kó ìwé mi dání, mo ti múra àlàyé. Màámi kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde láàárín àwọn obìnrin bí ogún, wọ́n ní, "Èmi ni mo pa igún ìlú yìí," wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ìyá kan níwájú ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Eku jẹ apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, igún kankan ò wá bá mi kẹ́dùn. Ṣé igún ń ra dòdò ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màámi dúró kí ẹ̀rín tán.

"Eṣinṣin tó bo àwo dòdò rẹ lójú títì lánàá, níbo ló ti ń bọ̀?"

"Èwo lẹ̀ ń sọ?"

"Ààtàn ló ti ń bọ̀. Nígbà tí igún pọ̀, ta ló ń bá òkú ẹran níbẹ̀ nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n? Ní báyìí, ajá àti eṣinṣin ló jogún rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà bá ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin kí ó tó fi owó ra ọjà rẹ, kí o wá sọ fún mi bóyá igún ń ra dòdò."

Ẹ̀rín kò tún sọ mọ́. Àríyànjiyàn náà pẹ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìwé mi kò wúlò fún nǹkan kan níbẹ̀. Eṣinṣin ló jàre ọ̀rọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé tàkúté ni àwọn yóò máa lò, pé a ó máa so apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ̀ sókè, pé eku tó bá kú, a ó gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ìyá tó bèèrè bóyá igún ń ra dòdò kò gbà títí ìpàdé fi tú. Oògùn ni òun mọ̀, òun kò lágbára tàkúté. Láti ìgbà náà, Màámi ń lọ sílé rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń kó òkú eku rẹ̀ sínú ike kan náà, wọ́n ń gbé e wálé wá sin. Wọn kò bá a jà, òun náà kò sì kí wọn kú iṣẹ́.

Ọmọ orí àràbà ló wá kù. Òbí kan péré ló ń wá oúnjẹ fún un báyìí, tí òun náà bá sì lọ jẹ ní ààtàn tí a kò mọ̀, ó parí. Mo sọ èyí fún bàbá alápatà. Wọn kò sọ ohun kan ju pé kí n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti tẹ́ páànù kan sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń fọ ìfun, ẹran gígé tí kò ní ẹ̀gbin sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di òfin: ẹni tó bá kọ́kọ́ pa màlúù láàárọ̀ ló máa fi ti igún síbẹ̀. "Sàká ni," ni ọ̀kan nínú wọn wí, àwọn yòókù sì pariwo lé e lórí pé kí ó má fi ẹ̀sìn ṣeré, ṣùgbọ́n òun náà ń fi í síbẹ̀.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, bí iléèwé bá ti jáde, mo ń dúró sábẹ́ àràbà. Mo ń kọ ọ́: òbí dé lẹ́ẹ̀kan, òbí dé lẹ́ẹ̀mejì, òbí kò dé. Ọjọ́ méjì tẹ̀ léra wọn ni kò dé níṣojú mi, n kò lè jẹun. Ọmọ náà ń dàgbà. Ó ń dúró létí ìtẹ́, ó ń na apá, afẹ́fẹ́ ń gbé e díẹ̀, ó ń yára padà bí ẹni tó tẹ iná.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, mo dé ibẹ̀, ìtẹ́ náà ṣófo.

Mo wo gbogbo abẹ́ igi náà, ewé lẹ́yọ ewé. Mo yí pápá náà ká. Mo lọ sí ààtàn tó wà nítòsí, mo fi igi tú u. Kò sí ìyẹ́, kò sí òkú. Nígbà tí mo sọ fún Màámi, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bó sílẹ̀, wọ́n wọlé lọ.

Sátidé, Màámi náà múra. Wọn kò tíì tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀ rí. A jókòó papọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gba awò lọ́wọ́ mi, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Igún kan bà sórí páànù, òmíràn bà, wọ́n di márùn-ún, iye tó kù láti Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti ń kọ márùn-ún sílẹ̀ nígbà tí Màámi gbá mi lápá.

"Èyí tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́? Orí rẹ̀ dúdú."

Ó bà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí páànù, ó dìde, ó já ẹran gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kan. Màámi kò gbé awò kúrò lójú. Omijé ń ti abẹ́ rẹ̀ ṣàn, wọn kò nù ún.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìwé mi ni ti Sátidé tó kọjá, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Méjì tí n kò mọ̀ rí ti wá kún wọn, n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Òkú eku ní ààtàn: kò sí. Òkú igún: kò sí. Igún: mẹ́jọ.